Òkété, Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Irọ́ ni! Irọ́ ńlá! Ẹ bá mi sọ fún Mudaṣíru tó ń ta oògùn kòkòrò ní oríta pé irọ́ ló pa. Mo mọ̀ pé ó ti lọ ilé, ṣùgbọ́n ohùn mi á bá a lórí ẹní. Ó ní kí ni mo mọ̀? Èmi? Ó ní èmi tí mo gba ojú fèrèsé sá kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kejì, tí mi ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, kí n yéé dá sí ọ̀rọ̀ oògùn.

Ẹ gbọ́ mi o! Èmi Àjàgbé! Èmi tí mo fẹsẹ̀ rìn láti Ṣakí dé etí òkun, tí mo sùn nínú oko kòkó ní Ondó, tí ejò sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ejò náà sì kí mi pé ẹ káàárọ̀! Bàtà tí mo ti rìn gbó pọ̀ ju ìwé tí Mudaṣíru ti ṣí lọ. Mo ti rí odò tí ẹja kankan ò sí nínú ẹ̀ mọ́. Mo ti rí oko tí ẹyẹ ò ké níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ta ló kà á fún mi? Ojú mi yìí ni!

Ó ní oògùn òun ò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, pé kòkòrò nìkan ló mọ̀ ọ́n pa. Ṣé oògùn lójú ni? Ta ló fi kòkòrò hàn án? Mo ní, "Mudaṣíru, tó bá rí bẹ́ẹ̀, bù ú díẹ̀ sí ẹ̀wà rẹ nírọ̀lẹ́ yìí, kó o jẹ ẹ́ lójú wa." Ṣé ẹ rí bó ṣe gbé àpótí rẹ̀? Ṣé ẹ rí bó ṣe ń rìn bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀?

Ó ní àlọ́ nìkan ni mo mọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlọ́ náà ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́bí. Títílọlá, fi etí àbúrò rẹ sílẹ̀, ó fẹ́ fi gbọ́rọ̀.

Ààlọ́ o!

*Ààlọ̀!*

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o!

*Ààlọ̀ o!*

Ẹ̀n-ẹ́n! Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó gba etí odò, ó gun òkè díẹ̀, ó yà sínú oko ẹ̀wà, ó sì já sínú ihò Òkété, gbàà!

Ní ìlú àwọn ẹranko, odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Tútù. Inú odò yìí ni Kọ̀ǹkọ̀ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn ò tíì yọ ẹsẹ̀, tí wọ́n ṣì ń fi ìrù lúwẹ̀ẹ́ kiri, jùà, jùà, jùà. Lókè odò náà, níbi tí ilẹ̀ ti ga, Òkété dá oko ẹ̀wà síbẹ̀.

Ẹ mọ Òkété? Ẹnu ṣóńṣó, irùngbọ̀n tín-ín-rín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí àpò. Ohun tí ẹ̀yin á fi agbọ̀n gbé, Òkété á kó o sẹ́nu, á sì tún máa kí yín. Ihò rẹ̀ ní ẹnu méjì. Ẹnu kan fún àlejò, ẹnu kejì fún ohun tí ò fẹ́ kí àlejò rí. Ahun ni! Nílé rẹ̀, wọn kì í sọ èèpo nù, wọn kì í sọ okùn nù, wọn kì í sọ ìgò nù. Tí ìyàwó rẹ̀ bá sọ ahá tó ti fọ́ nù, Òkété á lọ mú un padà nínú ààtàn, á ní, "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kí n tọrọ jẹ ni?"

Lọ́jọ́ kan, Òkété wà lóko, ló bá rí Tata lórí ewé ẹ̀wà, ó ń jẹ ẹ́, rẹ́rẹ́rẹ́.

Òkété ní, "Ìwọ! Ta ló pè ọ́ wá jẹun?"

Tata ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Etí ewé lásán ni mo jẹ."

"Etí ewé! Tí mo bá gé etí tìẹ ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà wo oko yín bó ṣe gbòòrò tó."

"Ó gbòòrò, ṣùgbọ́n tèmi ni gbogbo ẹ̀!"

Òkété wọ ilé, oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀. Etí ewé kan yẹn ló ń rò. Ilẹ̀ mọ́, ó di ọ̀nà, ó wọ ìlú kejì, ó lọ bá Ọ̀bọ tó ń ta oògùn kòkòrò.

Ọ̀bọ mú ìgò kan jáde, ìgò aláwọ̀ ewé, ó ń dán gbinrin. Ó ní, "Òkété, fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọmọrí ìgò kan ṣoṣo ni kó o bù sínú gáràwá omi. Fi aṣọ di imú àti ẹnu rẹ. Má ṣe fọ gáràwá rẹ sódò. Má fín in sí ẹ̀wà tí ẹnikẹ́ni fẹ́ jẹ. Tó bá tán, wa ilẹ̀ jìnnà sómi, kó o ri ìgò náà mọ́lẹ̀."

Òkété ń mi orí, "Ẹ ṣé, ẹ ṣé." Orí ń mì, etí ò gbọ́ nǹkan kan. Bó ṣe kúrò níbẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọrí kan? Tí ọmọrí kan bá pa Tata, ìdajì ìgò á pa ọmọ Tata àti ọmọ-ọmọ Tata tí wọn ò tíì bí!"

Ó da ìdajì ìgò sínú páǹpù, ó pọn ọ́n sẹ́yìn, kò di imú, kò di ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fín in, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é, "fíín" ni kẹ́ ẹ máa wí:

Mo fín in síbí o,
*Fíín!*
Mo fín in sọ́hùn-ún o,
*Fíín!*
Tata tó jẹ ewé mi,
*Fíín!*
Kò ní í délé ròyìn,
*Fíín, fíín, fíín!*

Háà! Tata já bọ́, pà! Labalábá fò díẹ̀, ó já bọ́, pẹ́ẹ́! Oyin wá fa omi òdòdó, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, ó ń pòòyì, ó ń pòòyì, títí tó fi dẹnu bolẹ̀. Ẹ̀ga rí òkú kòkòrò nílẹ̀, ó rò pé ọlá dé, ó ṣa, ó jẹ, ọrùn rẹ̀ wọ́, ó dákẹ́. Òkété wo gbogbo ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́! Ó gbé páǹpù lọ sódò Tútù, ó fọ̀ ọ́ ṣàà, ṣàà, ó sì lọ ilé.

Nígbà tí ẹ̀wà gbó, ẹ̀wà ń dán! Kò sí ihò kan lára rẹ̀. Òkété kó o sínú ihò. Ó wá ronú pé, "Kòkòrò ilé ńkọ́?" Ló bá da ìdajì oògùn tó kù lé gbogbo ẹ̀wà lórí, ó fọwọ́ rò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́: kó tó dà á, ó kọ́kọ́ bu apẹ̀rẹ̀ kan sọ́tọ̀ tí ò kan oògùn, ó gbé e pamọ́ sí ẹnu ihò kejì. Ó ní, "Èyí ni tẹnu tèmi." Ṣé ẹ rí i pé ó mọ̀? Ó mọ̀ o! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò mọ̀.

Ó ju òfìfo ìgò sílẹ̀ lẹ́nu ihò. Ìyàwó rẹ̀ rí i, ó ní, "Ìgò tó dáa báyìí! Ọkọ mi á tún pariwo tí mo bá sọ ọ́ nù." Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi iyanrìn fọ inú rẹ̀, ó rọ epo pupa sí i, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ìdáná. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ta ni í sọ̀rọ̀ ìgò fún ọkọ?

Ẹ jẹ́ ká padà sódò. Lọ́jọ́ tí Òkété fọ páǹpù yẹn, Kọ̀ǹkọ̀ pe àwọn ọmọ rẹ̀, kò gbọ́ ohùn. Ó pè wọ́n, ó pè wọ́n. Ló bá rí wọn lórí omi, wọ́n da ikùn sókè, funfun báláú, omi ń gbé wọn lọ. Àwọn tó kù sí i láyé ni ìwọ̀nba tó wà nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré kan lẹ́bàá odò, tí omi yẹn ò tíì dé.

Kọ̀ǹkọ̀ ò jókòó sunkún o. Ó fò, ó fò, ó dé ilé Òkété.

Ó ní, "Òkété, jáde síta! Kí lo fọ̀ sínú odò?"

Òkété yọ irùngbọ̀n síta. "Ta ló ń dún lẹ́nu ọ̀nà mi bí ìlẹ̀kùn tí ò lépo?"

"Ìyá ọmọ tó o pa ni!"

"Èmi? Ṣé èmi ni mò ń bá ẹ bímọ ni? Omi odò ló ṣàìsàn. Lọ tọ́jú ara rẹ jàre, ó ń yọ̀ bí ilá."

"Mo rí ọ, Òkété. Mo rí páǹpù rẹ, mo gbọ́ òórùn rẹ̀."

"Ẹ̀wà mi ló ń ta ẹ́ lójú. Kòkòrò ò jẹ ẹ́ mọ́, inú ń bí ẹ."

Ojoojúmọ́ ni Kọ̀ǹkọ̀ ń lọ bá àwọn ará ìlú títí ẹ̀wà fi gbó. Ṣùgbọ́n Òkété ti fi ẹ̀wà rẹ̀ hàn wọ́n, ojú wọn ti ṣí kúrò lára gbogbo nǹkan mìíràn. Ọ̀yà ń wo ẹ̀wà, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ìgalà ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Òkété wá kéde láàárín wọn pé, "Lọ́jọ́ àárò tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ fín oògùn yìí sí oko gbogbo wa, láti orí òkè títí dé etí odò. Oko kan ò ní ṣẹ́kù. Èmi ni mà á bọ́ yín láàárọ̀ ọjọ́ náà."

Wọ́n pariwo, "Ó dáa o!"

Kọ̀ǹkọ̀ ní, "Kò dáa! Etí odò lẹ pè yẹn? Ọ̀gọ̀dọ̀ tí ìwọ̀nba ọmọ mi tó kù wà nìyẹn! Tí oògùn bá débẹ̀, mo ti yàgàn nìyẹn o!"

Ọ̀yà ní, "Kọ̀ǹkọ̀, bí mìíràn."

Ẹ ò gbọ́? Ó ní bí mìíràn! Ọ̀rọ̀ yẹn ló yọ gbogbo ẹ̀rù kúrò lára Kọ̀ǹkọ̀. Ó ní, "Ó dáa. A ó pàdé nídìí ìkòkò."

Ọjọ́ àárò pé. Ẹ mọ àárò? Ká jọ ṣe oko tèmi lónìí, ká ṣe tìẹ lọ́la, ẹni tó bá pe iṣẹ́ á sì bọ́ àwọn tó wá. Òkété gbé ìkòkò ńlá kaná, ẹ̀wà olóògùn ló kó sí i. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé iná á jó oògùn kúrò. Ó ní tí inú bá tiẹ̀ run wọ́n, wọ́n á ní àjẹjù ni. Ó wá se ẹ̀wà tẹnu tirẹ̀ nínú ìṣaasùn kékeré lẹ́nu ihò kejì.

Gbogbo wọn péjọ, páǹpù lẹ́yìn, ebi nínú. Wọ́n ṣí ìkòkò, òórùn ẹ̀wà gba gbogbo oko. Ọ̀yà ti na ọwọ́. Àfi pààà! Kọ̀ǹkọ̀ fò, ó dúró ṣánṣán níwájú ìkòkò.

"Ẹnikẹ́ni ò ní jẹ!"

Ọ̀yà ní, "Kọ̀ǹkọ̀, yà fún mi, ebi máa pa mí."

"Kó pa ọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin ará ìlú, ṣé àṣà wa ti yí padà ni? Ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún àlejò, ṣebí òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò? Òkété ò tíì tọ́ ọ wò!"

Wọ́n wo ara wọn. Òótọ́ ni.

Òkété ní, "Ṣé aṣebi ni mí ni? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ẹ̀dá inú omi yìí ń pè mí?"

Orin ni Kọ̀ǹkọ̀ fi dá a lóhùn. Ẹ gbè é sókè, kí Mudaṣíru lè gbọ́ nílé:

Òkété olóko ẹ̀wà,
*Tọ́ ọ wò!*
Ẹ̀wà tó ń dán bíi dígí,
*Tọ́ ọ wò!*
Kòkòrò jẹ ẹ́, kòkòrò kú,
*Tọ́ ọ wò!*
Ẹni tó sè é ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́,
*Tọ́ ọ wò ká rí ọ!*

Ìgalà kọ́kọ́ gbè é. Ọ̀yà gbè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ wà lára ìkòkò. Láìpẹ́ gbogbo oko ti ń dún, "Tọ́ ọ wò!"

Òkété làágùn, ó nu irùngbọ̀n. Ọgbọ́n kan ta sí i lọ́kàn. Ó ní, "Kò burú! Ẹ̀wà lásán!" Ó yí ẹ̀yìn, ó wọ inú ihò, ó gba ẹnu kejì, ó bu ẹ̀wà inú ìṣaasùn, ó gbé e jáde.

Kọ̀ǹkọ̀ ní, "Ìkòkò ńlá ni mo ní kó o bù."

"Ẹ̀wà kan náà ni, oko kan náà ni! Ìyàwó, gbé epo wá, kí wọ́n rí bí ọkùnrin ṣe ń jẹun!"

Ìyàwó gbé epo wá nínú agbada kékeré tó rọ ọ́ sí láti inú ìgò. Òkété da gbogbo ẹ̀ lé ẹ̀wà, ó pò ó pọ̀, ó kó o sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kún. Ó gbé e mì, ó lu àyà. "Ẹ rí mi? Ṣé mo kú?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀yà tún na ọwọ́.

Kọ̀ǹkọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọrin mi tán. Tí mo bá parí rẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe é, ẹ jẹun yín, kẹ́ ẹ sì fi mí se ọbẹ̀."

Òkété olóko ẹ̀wà,
*Tọ́ ọ wò!*
Odò Tútù ń rùn gbùù,
*Tọ́ ọ wò!*
Mo pe ọmọ, ọmọ ò jẹ́ mi,
*Tọ́ ọ wò!*

Kó tó kan ìlà tó kẹ́yìn, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu Òkété, wàrà, wàrà. Ó ní, "Ta ló pa oòrùn?" Oòrùn mà ń ràn! Ẹyinjú rẹ̀ ti sún kì bí ojú abẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrìrì, òógùn bò ó, ó ṣubú, gbìì!

Ariwo ta. "Májèlé! Májèlé! Ẹ fún un ní epo mu! Epo ló ń pa oró!"

Ìyàwó Òkété sáré wọlé, ó gbé odindi ìgò epo jáde, ó ti fẹ́ rọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Kọ̀ǹkọ̀ rí ìgò aláwọ̀ ewé. Ó gbọ́ òórùn kan lábẹ́ òórùn epo. Ó mọ òórùn yẹn! Ó fò, ó gbá ìgò lulẹ̀, kọ̀ọ́! Ó fọ́ túútúú.

Ìyàwó figbe ta, "Yéè! Ó fẹ́ pa ọkọ mi!"

"Ìyàwó Òkété, kí ló wà nínú ìgò yìí tẹ́lẹ̀?"

"Mi ò mọ̀! Ẹnu ihò ni mo ti rí i. Mo sì fọ̀ ọ́ dáadáa, ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́!"

Kọ̀ǹkọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ Òkété létí. "Sọ ọ́. Tó ò bá sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ ò ní mọ ohun tó fẹ́ tọ́jú. Sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́."

Òkété ní, "Oògùn... oògùn Tata."

"Ẹ̀wà inú ìkòkò ńlá yìí ńkọ́?"

Òkété mi orí. "Ẹ má jẹ ẹ́. Ó pọ̀ níbẹ̀ ju ti epo lọ."

"Èyí tó o jẹ ńkọ́?"

"Mo ní tèmi lọ́tọ̀."

Ọ̀yà wo ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ koríko, ó tún nù ún. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó kú síbẹ̀, ó kúkú fẹ́ pa gbogbo wọn.

Ẹ̀n, Títílọlá? Ṣé ó kú? Ta ló ń pàlọ́, èmi àbí ìwọ? Dákẹ́ ná.

Kọ̀ǹkọ̀ ní, "Rárá! Ìgalà, gbé e, ẹsẹ̀ rẹ ló yá jù. Gbé e lọ bá àwọn oníṣègùn, kó o sì dárúkọ oògùn náà fún wọn. Mi ò dárí jì í o, kẹ́nikẹ́ni má ṣì mí gbọ́! Mo fẹ́ kó wà láàyè ni. Òkú ò lè jẹ́jọ́. Mo fẹ́ kó máa gbọ́ ohùn mi."

Ìgalà gbé e, ó sáré kítíkítí. Nítorí pé wọ́n mọ ohun tó jẹ, wọ́n rí i tọ́jú. Àwọn tó kù gbẹ́ kòtò jíjìn níbi tó jìnnà sí omi, wọ́n ri ẹ̀wà àti àfọ́kù ìgò mọ́lẹ̀. Àárò tí wọ́n fẹ́ fi fín oògùn, wọ́n fi gbẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀ Kọ̀ǹkọ̀ kó fẹ̀ sí i, omi ìsun tó mọ́ ló wọ inú rẹ̀. Ọ̀yà ló gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù. Kò gbójú sókè wo Kọ̀ǹkọ̀ títí iṣẹ́ fi parí.

Òkété padà wálé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò gba oòrùn mọ́. Ìtìjú ò sì jẹ́ kó lè rìn lójú ayé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ló ń yọ jáde, tí ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n títí dòní. Tí òjò bá sì rọ̀, ẹ máa ń gbọ́ Kọ̀ǹkọ̀. Ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń jẹ́ ẹ.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi dé, ibẹ̀ náà ni mo sọ ọ́ kalẹ̀. Tí mo bá purọ́, kí ẹsẹ̀ tí mo fi rin gbogbo ayé yìí kọ̀ láti gbé mi dé ilé.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí, ẹ sì lọ sọ ọ́ lójú Mudaṣíru: oúnjẹ tí ìwọ fúnra rẹ ò lè jẹ, má gbé e fún ẹlòmíràn. Oògùn tó ń pa kòkòrò ń pa oyin, ó ń pa ẹyẹ, ó ń pa ẹja, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ má fọ nǹkan rẹ̀ sódò. Ẹ má fi ìgò rẹ̀ rọ epo, kódà kẹ́ ẹ fi ọṣẹ gbogbo ọjà fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì gbé e mì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ, kì í ṣe epo lẹ máa fún un.

Ó yá, èmi Àjàgbé ti pàlọ́, ọ̀fun mi ti gbẹ. Ta ló fẹ́ ra àkàrà fún mi? Ẹ má wo ojú ara yín, àlọ́ ọ̀fẹ́ ò sí lẹ́nu mi! Títílọlá, lọ sọ fún ìyá rẹ pé àkàrà gbígbóná ni mo fẹ́, kó sì fi ẹ̀kọ tútù sí i. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti dá ihò sí lára ni kó fi ṣe é o, èyí tí kòkòrò jẹ tí kò kú. Tó o bá sì gbé e dé, kí n tó fọwọ́ kàn án, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ̀n, gé e díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o!